Ìnà Ọwọ́ Yín Méjì àti Ìka Mẹ́ta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. A ti ṣe ádùá ogójì ọjọ́. Àwọn èèyàn ti jẹun, wọ́n ti lọ, a sì ti dá àwọn àga tí a yá padà. Ilé ti dákẹ́. Láti ọjọ́ kẹjọ ni mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá mú bírò, ó ń ṣe mí bíi pé mo fẹ́ jí yín lójú oorun kí n lè sọ wàhálà fún yín. Lónìí, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní dé etí Ìyá.

Nítorí Yísà àbúrò mi ni ẹ̀rù ṣe ń bà mí. Bí a ṣe ṣe ádùá ọjọ́ kẹjọ tán ló padà sí Kàínjì. Ó ní àwọn àwọ̀n tí ẹ dẹ sílẹ̀ ń jẹrà sínú omi. Mo rò pé ara rẹ̀ kò gba ilé tí ẹ ò sí nínú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọ̀n ló sọ. Òun nìkan ló wà báyìí nínú ọkọ̀ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo yẹn náà ló ṣì ń lò, èyí tó ti ń húkọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ikọ́ tiyín.

Ní Mọ́ńdè tó kọjá, awakọ̀ tó ń fi lọ́rì kó ẹja gbígbẹ wá sí Ìlọrin yà sọ́dọ̀ wa. Ó kí Ìyá, ó gbé ẹja tí Yísà fi rán an kalẹ̀, ó wá ṣẹ́jú sí mi pé kí n sin òun jáde. Ẹ̀yìn ilé ló ti sọ ọ́ fún mi. Ẹ́ńjìnnì yẹn kú mọ́ Yísà lọ́wọ́ láàárín omi nígbà tí afẹ́fẹ́ dìde. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ sáàárín àwọn igi tó kú sínú omi, àwọn tí ẹ máa ń sọ pé wọ́n dúró bí èèyàn tó ń retí ọkọ̀. Ẹ̀ka kan fa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ya. Láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀ ló fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kó tó dé èbúté, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló bó.

Awakọ̀ náà ní, "Tíṣà, ẹ wá nǹkan ṣe sí i o. Àbúrò yín ò fẹ́ kí n sọ ti afẹ́fẹ́ yìí fún yín. Ó ní bẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ ó ní kóun wá máa ta bẹntiróòlù n'Ílọrin."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.

Iṣẹ́ tí Yísà rán an kò ju pé kí n bá òun wá ẹ́ńjìnnì kejì, àlòkù kékeré kan tí yóò máa wà nínú ọkọ̀, tí òun yóò gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ti àkọ́kọ́ bá kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn láti ibi tí wọ́n fi ń kọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ abẹ̀bẹ̀ tó ń gbá omi, gbọ́dọ̀ bá pákó ìdí ọkọ̀ mu. Awakọ̀ náà na ọwọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò níhìn-ín, ìka tó kéré jù lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ìnà ọwọ́ méjì àti ìka mẹ́ta. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe kàn án. Ẹ má gbàgbé o. Sátidé ni mò ń padà lọ."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe já lé èmi tí mi ò lè wo omi odò lójú léjìká. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo wá kí yín ní Kàínjì nígbà tí iléèwé gba ìsinmi? Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Wọ́n ti di omi náà tán, àwọn tí ẹ jọ ṣe káfíńtà níbẹ̀ ti kó irinṣẹ́ wọn relé, ẹ̀yin ní tiyín, ẹ ní omi tó fẹ̀ tó báyìí, ẹja á wà níbẹ̀. Ẹ dúró sínú ọkọ̀, ẹ na ọwọ́ sí mi. Mo rìn wọ omi títí ó fi dé orúnkún mi. Mo rí bó ṣe dúdú níwájú, mo sì yí padà. Ẹ ò pè mí ní ojo. Ẹ ò bá mi sọ ọ́ mọ́ rárá. Lẹ́yìn náà, bẹ́ ẹ bá ní kí n wá, màá ní ìwé àwọn ọmọ iléèwé pọ̀ níwájú mi. Kì í ṣe ìwé, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ìwé.

Ọjọ́ tí a sin yín ni Yísà tó sọ fún mi pé àga pákó kékeré kan wà níwájú ọkọ̀ tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lé. Ó ní tèmi ni. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Ní Àtàláátà, lẹ́yìn iléèwé, mo mú Mùsá dání, mẹkáníìkì tó ń tún alùpùpù ṣe nítòsí iléèwé wa, a sì lọ sí Táíwò Road. Àlàájì kan wà níbẹ̀ tó ń ta àlòkù oríṣiríṣi: ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ tó ń fa omi, àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kúrò létí odò. Ẹ́ńjìnnì méjì ló gbé síwájú wa, pupa kan àti eléérú kan. Pupa náà ń dán bíi bàtà Iléyá.

Àlàájì ń fọwọ́ pa á lórí. "Tíṣà, ẹ wo ọmọge! Bàtúrè, òyìnbó gidi, ló lò ó, ọjọ́ Súńdè nìkan ló sì ń lò ó. Fífà kan péré, á dáhùn."

Ó nawọ́ sí okùn rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó mú mi sọ pé kó dúró. Àfi bíi pé ẹ wà lẹ́yìn mi. Mo rántí ìgbà tí ẹ fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tiyín àkọ́kọ́, bí ẹ ṣe ní kí ẹni tó ń tà á má fọwọ́ kàn án, tí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí bí ìgbà tí èèyàn ń wò bóyá ibà ń ṣe ọmọ, tí ẹ sì padà lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù lọ́jọ́ kejì kí ẹ lè bá a ní tútù. Nígbà tí ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín ni mo fi yín rín. Lọ́jọ́ Àtàláátà, èmi náà gbé ọwọ́ lé orí pupa yẹn. Ó gbóná.

Mo ní, "Àlàájì, ó gbóná."

"Oòrùn ni."

"Abẹ́ òrùlé ló wà."

Mùsá bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájì, oòrùn tiyín mà mọ̀nà o! Ó gba abẹ́ páànù wọlé."

Àlàájì ṣépè fún mẹkáníìkì àti gbogbo ìran mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Ó ti tan án kí a tó dé, torí pé bó bá tutù, kì í dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí à ń wá, ní tútù ni wọn ó máa bá a. Ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ láàárín ìjì, ta ni yóò ti bá wọn mú un gbóná sílẹ̀?

A yíjú sí eléérú. Òun tutù. Mùsá gbé e kọ́ ẹnu dúrọ́ọ̀mù omi, ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó dáhùn. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń tú láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọmọdé tó ń tọ̀. Mùsá ní omi yẹn ni kí n máa wò, pé òun ló ń fi tu ara rẹ̀ nínú. Lẹ́yìn náà ló pa á, ó tú ìdè kékeré kan nísàlẹ̀, ó sì gba ọ́ìlì díẹ̀ sórí ìka rẹ̀. Ó ní bí omi bá ti wọbẹ̀, ọ́ìlì náà á funfun bíi ẹ̀kọ mímu. Eléyìí dúdú, ó ń dán. Mo na ọwọ́ mi lé ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé ìka mẹ́ta kún un. Ó ṣe déédéé, kò lé, kò dín. Bàbá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú Àlàájì. Mo sọ pé kó bá mi gbé e pamọ́, pé èmi ni mo ni ín.

Mo dé ilé pẹ̀lú girísì lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé Ìyá ṣì wà nínú opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ kò ì tíì sún mọ́ pípé, kò sì lè jáde. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń jáde. Ó jókòó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó ní kí ni mo fọwọ́ kàn. Mo fẹ́ parọ́, kò wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ àwọn igi inú omi. Kò pariwo bí mo ṣe rò. Ó kàn ń ka tẹ̀sùbáà lọ. Nígbà tí mo dé orí ìnà ọwọ́ méjì àti ìka mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ọwọ́ ta lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Ọwọ́ mi, Ìyá."

Ó fà mí lọ́wọ́, ó ṣí i, ó nà án lórí itan rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ọwọ́ yìí ló kan ọkọ̀ yẹn?"

Bàbá, mi ò rò ó! Mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, rúlà ń bẹ nínú àpò mi lójoojúmọ́, síbẹ̀ mi ò rò ó. Níwọ̀n bí a ti dáyé bá ìnà ọwọ́ nínú ilé yìí, ìwọ̀n kan náà ló jẹ́ lójú mi bíi ẹsẹ̀ bàtà. Mi ò rántí pé ìwọ̀n náà ní ẹni tó ni ín, àti pé a ti sin ọwọ́ náà.

Mo bi Ìyá pé níbo la ti fẹ́ rí ọwọ́ yín báyìí. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, ó ká kọ́tìnnì kúrò. Àwọn àmì tí ẹ fi ọ̀bẹ gé sára igi ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, láti ilẹ̀ dé òkè, ìnà ọwọ́ kan sí ara wọn. Gbogbo Iléyá lẹ máa ń gbé wa sí ara igi yẹn. Ẹ ó máa fọwọ́ gun ẹ̀yìn wa lọ bí ẹni ń gun àkàsọ̀, títí ẹ ó fi dé orí, ẹ ó wá kígbe iye tí a ga kí gbogbo agboolé lè gbọ́. Yísà máa ń na ọrùn, ẹ ó sì máa tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó tí mi ò ti ká kọ́tìnnì yẹn?

Ìyá mú okùn wá. Mo di ẹnu kan mú ní àmì àkọ́kọ́, ó fà á dé àmì kẹta. Ìnà ọwọ́ yín méjì nìyẹn. Ó gbé ìka mẹ́ta tirẹ̀ lé e, ó ní tiyín nípọn jù báyìí lọ, ó sì fi ìwọ̀n èékánná kan kún un. Ó ta okùn náà ní kókó síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ tèmi wọ̀n ọ́n. Ó fi ohun tó ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi kan lọ gùn ju ẹsẹ̀ eléérú tí mo fẹ́ rà.

Ní Àlàrùbá, Mùsá ṣàlàyé fún mi ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá kúrú, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò ní wọlẹ̀ tó. Bí omi bá parọ́rọ́, ó lè rọ́nà lọ. Bí ìgbì bá gbé ìdí ọkọ̀ sókè, inú afẹ́fẹ́ ni yóò ti máa yí. Á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ. Mi ò lè mú ìró yẹn kúrò létí láti ìgbà náà. Mo ń rí Yísà láàárín àwọn igi yẹn, ó gbé eléérú kọ́, ó fà á, ó dáhùn, inú rẹ̀ dùn, ó sì ń ké lásán. Èmi ni mo rà á fún un.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Àlàájì tí mo yọ okùn jáde, ó káwọ́ lérí.

"Tíṣà, ṣé ọjà lẹ wá rà àbí ìdánwò lẹ wá ṣe fún mi? Lánàá, ọwọ́. Lónìí, okùn. Lọ́la ńkọ́?"

Pupa nìkan ló gùn tó. Àlàájì wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ohun kan tó dẹ́rù bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí pé ó rọrùn. Ó ní kí Yísà gé pákó ìdí ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, eléérú á sì bá a mu. Káfíńtà kan, ayùn kan, ó tán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kan pákó yẹn. Bí gígé bá tọ́ sí i, ẹ̀yin ì bá ti gé e. Ẹ̀yìn ni ẹ ní ìgbì omi yẹn ti máa ń báni, pákó yẹn ló sì ń dá a dúró, àbí mo ṣì yín gbọ́? Mo ní rárá. Ṣé mo ṣe é re?

Àlàájì yọ́ lọ sẹ́yìn, ó ká tapólì kan. Búlúù ló gbé jáde. Orí rẹ̀ ti là, wọ́n fi okùn dì í, eruku bò ó. Ó ní òun ò gbé e síta torí pé kò ní ẹwà. Mo gbé ọwọ́ lé e, ó tutù bí òkúta. Mo na okùn Ìyá sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kókó náà bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí. Ọ́ìlì rẹ̀ dúdú. Mùsá yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ha á, ó dá a padà, ó gbé e kọ́ dúrọ́ọ̀mù, ó wá gbé okùn ìfà lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ fà á fúnra yín. Ọjọ́ tí àbúrò yín máa nílò rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Bí apá tíṣà bá lè tan án, apá rẹ̀ náà á lè tan án."

Mo fà á. Kò dáhùn. Mo tún fà á, okùn fa èmi náà padà, Àlàájì ní kí wọ́n bá òun di Tíṣà mú kó má wọnú dúrọ́ọ̀mù. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó bú. Mo fò sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo sì dúró ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Búlúù ni mo rà.

Ó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Jímọ̀ ni òní, àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ìyá ti fi àpò bò ó, ó ti ṣe bísímílà sí i lára, ó tún ti tẹ̀ ẹ́ lórí bíi pé Yísà ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò lọ. Mo rò pé bí mo bá ti rà á, á lọ. Orí ẹ́ńjìnnì náà là. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló tó dáhùn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kẹrin lapá Yísà máa dúró ńkọ́? Ẹ̀yin, ṣé ẹ ì bá ra èyí? Mo ń wo ọ̀nà yàrá yín bíi pé ẹ ó jáde wá gbé ọwọ́ lé e lórí.

Ohun kan tún wà. Nígbà tí a ń gbé e bọ̀, Mùsá ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé pamọ́ tí wọn kì í tan ló ń kú jù. Ó ní àìlò máa ń dì í nínú. Ẹ mọ Yísà. Abẹ́ ẹní ni yóò gbé e sí, yóò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ yóò dìde. Mo sọ pé kí awakọ̀ náà kìlọ̀ fún un, ó ní, "Tíṣà, ẹnu yín nìkan ló ń gbọ́, ìyẹn náà kì í ṣe ojoojúmọ́."

Nítorí náà, mo ti di ẹrù mi. Lọ́la, mo ń bá lọ́rì náà lọ. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo gbọ́dọ̀ ti padà síwájú àwọn ọmọ iléèwé mi. Mo ti mú okùn Ìyá dání kí n lè nà án sí ìdí ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ohunkóhun síbẹ̀. Ìyá kò ní kí n má lọ. Ó kàn bi mí bóyá mo rántí pé mi ò mọ̀ wẹ̀. Mo ní mo rántí. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá ronú kan ibi tí omi ti dúdú yẹn, mo ṣì ń fẹ́ yí padà bíi ti ọjọ́sí. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín pé mo ti di akíkanjú.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà ṣe ilé yín, kó sì fẹ̀ fún yín níbẹ̀.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, Bàbá, màá wọ inú ọkọ̀ yẹn, màá kọjá ibi tó dé mi lórúnkún, màá jókòó sórí àga tí ẹ kàn fún mi. Nígbà tí a bá dé àárín omi, màá dìde lọ sí ìdí ọkọ̀, màá fa okùn ẹ́ńjìnnì búlúù náà títí yóò fi dáhùn, mi ò sì ní pa á títí n ó fi rí omi tó ń tú láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èmi ọmọ yín obìnrin,
tí ìnà ọwọ́ rẹ̀ kò tó tiyín.